Ọdún Tí Ìyá Mi àti Àǹtí Mi Jọ Du Ipò Kan

Ariwo ló máa ń jí wa nílé wa ní Cheverly, kì í ṣe aago. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ilẹ̀kùn gáráàjì á ké rárárá, bàbá mi ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nìyẹn, láti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní National Harbor níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń gba àlejò. Bó ṣe ń wọlé ni Àǹtí Morẹ́nikẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń jáde lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé wa, níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fi mọ́tò dí ẹnì kejì lọ́nà. Nínú ilé ìdáná, ìyá mi á máa ro ògì, á máa bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á sì tún máa pariwo pé kí n wá wá ìbọ̀sẹ̀ mi. Lókè, bàbá àgbà á máa kọrin àdúrà òwúrọ̀ lóhùn tó le débi pé ajá aládùúgbò wa á máa gbè é lẹ́yìn. Nígbà náà, mo rò pé bí gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà ṣe rí nìyí. Àfìgbà tí mo lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ mi kan tí mo rí i pé wọ́n jẹun àárọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹnì kan ti kú.

Ṣùgbọ́n bí ariwo ṣe pọ̀ tó nílé wa, ìtò wà níbẹ̀. Bàbá àgbà, tó bí bàbá mi àti Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì ní Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìntì, nígbà tó sì ń bọ̀ wá bá wa gbé, kò fi sẹkitéríàtì sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Ó gbé e wá. Ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ, ẹni tó dàgbà jù ló ń jókòó níwájú mọ́tò, ẹni tó kéré jù, ìyẹn èmi tí wọ́n ń pè ní Tèmi, ló ń bó ẹ̀wà, òun ló ń kó ewé gbígbẹ ní àgbàlá, òun náà ló ń jẹ ìrù ẹja. Bí mo bá ráhùn, bàbá àgbà á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Mo máa ń ronú lórí àkísà yẹn gan-an. Kò yé mi ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi àkísà ṣe.

Ibì kan ṣoṣo ni ìtò náà ti lọ́ díẹ̀. Ìyá mi fi ọdún púpọ̀ dàgbà ju Àǹtí Morẹ́nikẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí Àǹtí sínú ilé náà kí ìyá mi tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ọkọ ló jẹ́ fún un. Ìyá mi kì í pe orúkọ rẹ̀. Awẹ́lẹ́wà ló ń pè é. Àǹtí ní tirẹ̀, tó ń pe ìyá mi náà ní Àǹtí, á kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, kó tó sáré jáde. Ọ̀dọ̀ wa ló dé sí nígbà tó ti Nàìjíríà wá, ìyá mi ló sì mú un lọ́wọ́ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ẹnì kan bá bi mí nígbà náà pé èwo nínú wọn ló ga ju èkejì lọ, mi ò ní mọ̀ ọ́n. Kò sì sẹ́ni tó béèrè títí di ọdún tí mo ń sọ yìí.

Ọ́fíìsì ìlera ti kaúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní Largo, ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni igbákejì olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bẹ àwọn abiyamọ wò, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ iléèwé lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń yọjú sí àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Ọ̀gá rẹ̀, Míìsì Hárísìn, ti fẹ́ fẹ̀yìntì. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti tọ́ka sí ìyá mi tó ní, "Ìwọ ló kàn." Gbólóhùn yẹn dé ilé wa bí àlejò pàtàkì, a sì tẹ́ ẹní fún un. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ọ̀gá àgbà" kún orúkọ ìyá mi nínú àdúrà òwúrọ̀. Bàbá mi ra bàtà tuntun fún un. Èmi náà ti sọ fún tíṣà mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ti wà lórí tábìlì nígbà tí ìyá mi wọlé. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi sọ ọ́.

"Bàbá, wọ́n ní kò sí ẹni tó kàn mọ́."

Bàbá àgbà gbé òkèlè sílẹ̀. "Kí ni ìtúmọ̀ ìyẹn?"

"Àwọn tuntun tó gba àkóso kaúńtì pe gbogbo wa jọ lónìí, sà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní máa fi ìgbéga nìkan dé ipò àgbà mọ́. Wọ́n á kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ẹni tó bá wù ú kó wá du ú, ì báà máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà má ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí."

"Ṣé iṣẹ́ rẹ ò dára ni?"

"Wọ́n ní ó dára, sà. Wọ́n tiẹ̀ yìn mí."

"Wọ́n yìn ọ́, wọ́n wá ní kí o lọ bá àlejò tò!"

Bàbá mi, tó ń múra àtilọ síbi iṣẹ́, dá sí i. "Bàbá, ẹ má bínú. Ìdíje yìí náà ló gbà mí. Nígbà tí mo dé hòtẹ́ẹ̀lì wa, mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n kéde ipò, mo wọlé, mo sọ ohun tí mo lè ṣe. Bó bá jẹ́ ti ẹni tó kàn ni, ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì máa wà títí dòní, tí màá máa gbé àpótí fún àlejò."

"Hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìjọba," bàbá àgbà dá a lóhùn. "Ìlérí ni ìgbéga jẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá mọ̀ pé ipò kan ń bọ̀ wá kan òun á fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́, kò ní máa sá tọ olóṣèlú kiri. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ta ni yóò tún fẹ́ ṣe igbákejì?"

"Bí ẹni tó kàn bá wá jẹ́ òmùgọ̀ ńkọ́, sà?"

"A ó fún un ní igbákejì tó gbọ́n."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, kó tó wá jókòó tó sì fi ọwọ́ bo ojú. Mo ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni èmi náà ń ṣe, mo sì ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé débi tí ìwé dé. Kò sí èyí tí wọ́n sọ tí bàbá àgbà àti bàbá mi kò tíì sọ tán níwájú àwo ẹ̀bà yẹn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la ń ṣe mọ́ínmọ́ín. Mo ń bó ẹ̀wà nínú abọ́ ńlá, Àǹtí ń gé ata, ìyá mi ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà sì ń kùn débi pé a ń fi ojú sọ̀rọ̀. Lójijì, Àǹtí na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, wọ́n ti kéde ipò yẹn. A rí i nílé ìwòsàn wa. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè, mo ní in. Ó wù mí, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n má du ú, mo ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn, a ò sì ní sọ ọ́ mọ́ láéláé."

Ìyá mi lọ síbi omi. Ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀. Mo dẹ́kun ẹ̀wà bíbó.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

"Bùọ̀dá rẹ ńkọ́?"

"Rárá, mà."

Ìyá mi yíjú sí i. "Bí mo bá ní kí o má ṣe é, tí mo wá gba ipò náà, ojoojúmọ́ tí mo bá rí ọ ni màá máa rò ó pé bóyá ìwọ ni ì bá gbà á. Mi ò lè fi irú ìyẹn jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni. Dìde, kí o lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Awẹ́lẹ́wà. Mi ò ní ṣàánú ẹ."

"Èmi náà ò ní ṣàánú yín, mà," ni Àǹtí wí, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀wà fi dànù mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì tún tan ẹ̀rọ.

Bàbá àgbà kò rí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá. Nígbà tó gbọ́, ó pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbà ọ́ sílé!" ló wí fún Àǹtí. "Ọmọ mi ni ọ́, ìwọ ni mo bí, ìyàwó la fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò kàn ọ́! Òun ló kàn!" Ìyá mi ló wá kúnlẹ̀ bẹ bàbá fún Àǹtí, pé òun lòun ní kó lọ. Bàbá kọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí Àǹtí bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ọwọ́ ló máa ń fi júwe pé kó dìde, kò ní sọ̀rọ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí i. Lónìí tí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìwọ̀nba ènìyàn ló lè dúró ti ìyàwó ilé lòdì sí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, nítorí ohun tó gbà pé ó tọ́.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni pé ó gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí gbogbo wa ń pè ní íńtáfíù. Ìyá mi dúró níwájú dígí, ó ń sọ nípa ara rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Bàbá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fetí sí i, ó mi orí, ó sì gòkè lọ. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ti wọ kóòtù, ó ti so táì mọ́rùn. "Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí ẹ jà," ló wí, "ẹ ò ní jà bí ẹni tí kò nílé."

Ìgbà ayọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí ọwọ́ gbogbo wa bá ti dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé láti fi íńtáfíù dánra wò. Bàbá àgbà á jókòó sáàárín bí alága, bàbá mi á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì, èmi á wà lósì pẹ̀lú ife omi, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ pé "Ẹ wọlé." Ìyá mi á kan ilẹ̀kùn, á wọlé, á dáhùn, Àǹtí á jókòó sẹ́yìn tí yóò máa wò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pààrọ̀. Àǹtí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá ti jókòó, á gbé àyà sókè, á wo bàbá lójú, á máa dárúkọ ohun tó fẹ́ ṣe bí ẹni tó ń to àwo sórí tábìlì. Bàbá àgbà, tí kì í bá a sọ̀rọ̀ lókè, á máa bi í ní ìbéèrè nísàlẹ̀, á sì máa pè é ní "Màdáámù." Ibẹ̀ ni wọ́n ti parí ìjà wọn.

Ìyá mi ni nǹkan kò rọrùn fún.

"Sọ ohun kan fún wa tí o ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́," bàbá mi bi í lálẹ́ ọjọ́ kan.

"A gbìyànjú díẹ̀ nígbà ìjì líle yẹn," ni ìyá mi dáhùn. "Iná lọ káàkiri, a sì mú oògùn lọ fún àwọn arúgbó."

"Àǹtí, ta ni 'a'?" Àǹtí fò dìde lẹ́yìn wọn. "Ta ni 'a'? Ẹ̀yin nìkan lẹ wa mọ́tò nínú omi lọ sí Oxon Hill! Èmi ni mo wà nílé tí ẹ ń pè! Ẹ ní ìyá arúgbó kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ní ẹ ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú òkùnkùn! Ibo ni 'a' wà lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹni tó ń bá a du ipò ló ń bá a jà pé kó yin ara rẹ̀. Ìyá mi ní a kì í fi ẹnu ara ẹni yin ara ẹni. Bàbá àgbà tún táì rẹ̀ ṣe. "Má yin ara rẹ," ló wí. "Sọ ohun tí o ṣe, kí o sì fi orúkọ ẹni tó ṣe é sí i." Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Mo wa mọ́tò lọ sí Oxon Hill," ló wí. A pàtẹ́wọ́. Àǹtí ló pàtẹ́wọ́ jù.

Òjò dídì ti rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ íńtáfíù náà, wọ́n sì ti iléèwé, mo wá bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà láti mú mi dání. Ìyá mi ti wà nínú mọ́tò rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Mọ́tò Àǹtí kọ̀, kò dáhùn. Ó tún un yí, ó ké kín-ín, ó tún dákẹ́. Ìyá mi ń wò ó láti inú gíláàsì. Bó bá wù ú, kó ṣáà máa lọ. Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Mo rí i pé ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó sì mí sínú, lẹ́yìn náà ló wá tẹ fèrè, pẹ̀ẹ̀! pẹ̀ẹ̀! ó sì ṣí gíláàsì.

"Wọlé jàre! Ṣé o fẹ́ kí n pẹ́ ni?"

Àǹtí sáré wá pẹ̀lú bàtà gíga nínú yìnyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ojú ọ̀nà ń yọ̀, a sì rọra ń lọ. Ìyá mi ní, "Tèmi, gbàdúrà fún wa."

"Fún ta ni nínú yín, mà?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí tí ìyá mi fi kọjá ibi tó yẹ ká yà sí.

Mo jókòó sí àga gígùn kan lẹ́nu yàrá náà ní Largo. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀, pàápàá ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó ń dán, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Àǹtí ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń tàn, mo sì mọ̀ pé ó ṣe dáadáa. Wọ́n pe ìyá mi. Àǹtí dúró lọ́nà rẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì sọ fún un ní Yorùbá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé, "Ẹ má sọ 'a' o." Ìyá mi wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò tọrọ àforíjì.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n pè, gbogbo wa, àfi bàbá mi tó ń sùn lókè, wà nínú ilé ìdáná, ìyá mi ń dín dòdò. Fóònù tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dún. Ó gbé e sétí, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó yí dòdò padà lọ́kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n mú.

Fóònù Àǹtí wá dún lórí tábìlì. Ó ń gbọ̀n, ó ń yí lójú kan. Àǹtí ń wò ó bí ẹni tó rí àkekèé.

"Gbé e," ni ìyá mi wí.

"Àǹtí..."

"Mo ní kí o gbé e!" Ìyá mi pa iná, ó gbé fóònù náà fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e mọ́ Àǹtí létí. Àǹtí gbọ́. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Kó tó sọ ohunkóhun, ìyá mi ti rí i lójú rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ pariwo, igbe ayọ̀ kan tó gba gbogbo ilé, tó jí bàbá mi lókè, tó mú ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ó gbé Àǹtí, ó fi í yí po. Mo ń fò sókè. Bàbá mi sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń bi wá pé, "Èwo? Èwo nínú wọn?"

Àǹtí jókòó sílẹ̀. "Mi ò ní gbà á. Màá pè wọ́n padà."

"O ò ní sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi," ni ìyá mi wí. "Mo bá ọ du ú, o borí mi. Bí o bá dá a padà, ẹ̀bùn lo fẹ́ fún mi yẹn. Mi ò tọrọ ẹ̀bùn."

Bàbá àgbà di àga mú. "Ọmọ mi ti di ọ̀gá," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n sì ti fo ìyàwó mi tó kàn. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe."

"Ẹ kọ́kọ́ yọ̀, sà," ni ìyá mi dáhùn.

Ó sì yọ̀. Ó jó yípo tábìlì náà tòun ti ọ̀pá rẹ̀, a jó tẹ̀ lé e, dòdò tutù sínú páànù.

Ìyá mi sunkún lẹ́yìn náà, mo mọ̀, nítorí ó pẹ́ ní balùwẹ̀, omi sì ń ṣàn láìdúró. Ṣùgbọ́n ó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá mi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ìyá mi sì gbá a mú lápá. "Nílé, o lè kúnlẹ̀. Níbí, èmi ni kí n dìde fún ẹ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, "Ọ̀gá" ni ìyá mi ń pè é títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, á sì di Awẹ́lẹ́wà padà. Ó ní òun ò kábàámọ̀, pé Àǹtí mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé òun kò mọ ohun tóun ń dúró dè mọ́.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá àgbà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí wọ́n jókòó sí àgbàlá, òjò dídì ti yọ́, èmi sì ń kó ewé.

"Èmi náà dúró," ló wí. "Akọ̀wé àgbà ni mo fẹ́ jẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kàn mí. Ó kù díẹ̀ kó kàn mí ni wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti pé, kí n máa lọ sílé."

Ìyá mi yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú ilé wa. "Ẹ ò wá a níbòmíràn, sà?"

"Ibo? Nígbà tiwa, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, orí ìlà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lènìyàn ń dàgbà sí." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Ìwọ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn tiyín kí àlejò lè wọlé, ṣé wọ́n ti ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù mọ́ ọ ni?"

Ìyá mi dìde, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ń pe Àǹtí láti ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé kó wá, ọ̀rọ̀ wà.

Kaúńtì mìíràn tó múlé gbe tiwa ló ń wá olórí gbogbo iṣẹ́ ìlera wọn, ipò tó ga ju èyí tí wọ́n dù lọ, tí ìyá mi kò bá ti wò ká ní wọ́n ti fi í joyè níbi tó wà. Ó du ú. Àǹtí, ọ̀gá rẹ̀, ló jẹ́rìí sí i. Ó wọlé sọ "mo" fún wọn, ó sì jáde. Nígbà tí wọ́n pè é, inú mọ́tò ni gbogbo wa wà, bàbá mi sì dúró gírí lẹ́bàá títì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń jó lórí koríko, àwọn ọlọ́kọ̀ ń tẹ fèrè fún un.

Alẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun náà, a jẹ ìrẹsì àti ẹran adìyẹ, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A fẹ́ mọ bí ọ́fíìsì rẹ̀ ṣe rí, ṣé fèrèsé wà níbẹ̀, ta ló ń gbé kọfí fún un. Bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè, ilé sì dákẹ́.

"Ẹni tí ipò yẹn kàn ńkọ́?" ló béèrè.

Ìyá mi gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Òun ni mo kọ́kọ́ wá lọ, sà, kí n tó jókòó. Igbákejì ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sọ fún un pé mo mọ ibi tó ti ń wò mí, nítorí èmi náà jókòó síbẹ̀ ní ọdún yìí. Mo ní kó bínú bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kó máà fi mí sílẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó fa àga fún mi, sà." Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ó wá bi mí pé, níbi tí mo ti ń bọ̀ ńkọ́, ṣé àyè igbákejì tí mo fi sílẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ti kéde ẹ̀?"

Àǹtí gbé ojú sókè láti orí àwo rẹ̀. "Àná ni mo kéde ẹ̀," ló wí. "Ẹ ní kó wá."